Kásẹ́ẹ̀tì Ṣì Ń Sọ̀rọ̀, Àmọ́ Kì í Sọ Ọ́ Tán Mọ́

Bí akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kẹrin bá fẹ́ kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lórí ẹ̀ka-èdè ìlú rẹ̀, ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé yóò padà sílé, yóò gbé fóònù síwájú àwọn àgbà, yóò gba ohùn wọn sílẹ̀, yóò sì jókòó dà á kọ. Ọ̀nà náà dáa. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí à ń bá sọ̀rọ̀ lónìí kọ́ ni àgbà ilé ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Àwọn tọjọ́un ti papò dà, inú kásẹ́ẹ̀tì ni ohùn wọn kù sí: kásẹ́ẹ̀tì ìkómọjáde, ti òkú àgbà, ti ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì, ti wáásí Rámádáànì, ti ìpàdé ẹbí.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ̀ka wa ṣe. Èkíní, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn inú àwọn kásẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí sórí kọ̀ǹpútà láti ìsinmi tó ń bọ̀ yìí. Èkejì, kí a ní òfin kan nípa irú ẹ̀rí tí a lè fà yọ látinú wọn. Ìdí ni pé kásẹ́ẹ̀tì kì í gbàgbé gbogbo ìró lẹ́ẹ̀kan náà. Ìró kan máa ń ṣáájú òmíràn lọ, ohun tó sì ń pinnu èyí tó ń kọ́kọ́ lọ ni bí ìpẹtà tí wọ́n fi pa téèpù lójú ṣe nípọn tó, àti ibi tí ìró kọ̀ọ̀kan fi ṣe ibùgbé nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni, ìpẹtà ni mo wí, èyí tí Bíbélì àtijọ́ ń pè ní ìpáàrà. Téèpù kásẹ́ẹ̀tì jẹ́ ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ìyẹ̀fun ìpẹtà irin mọ́ lójú. Ilẹ̀ Jámánì ni Fritz Pfleumer ti kọ́kọ́ lẹ ìyẹ̀fun irin mọ́ bébà gígùn ní 1928, kí ó lè gba ohùn sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Philips ló gbé kásẹ́ẹ̀tì kékeré tí gbogbo wa mọ̀ jáde ní ìlú Berlin ní 1963. Àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tí ẹ ń rí lára téèpù náà kò jìnnà sí ti ilẹ̀ pupa tó ń lẹ̀ mọ́ wa lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ Ìjẹ̀bú, nítorí irin tó ti dípẹtà ló fún ilẹ̀ náà láwọ̀ pẹ̀lú. Kì í ṣe gbogbo ìpẹtà ló ní òòfà tó lágbára o. Irú èyí tí wọ́n ń lò fún téèpù, ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì rí bí abẹ́rẹ́ kéékèèké tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tó máíkírómítà kan. Bí a bá pín mìlímítà kan sí ọ̀nà 1,000, ọ̀kan níbẹ̀ ni máíkírómítà. Ẹyọ irun orí èèyàn máa ń nípọn tó 50 sí 100 irú rẹ̀.

Ẹ wá wo ìwọ̀n téèpù fúnra rẹ̀. Kásẹ́ẹ̀tì C60, tó ń gba wákàtí kan lójú méjèèjì, ní téèpù tó nípọn bíi 18 máíkírómítà, ìpẹtà orí rẹ̀ jẹ́ bíi 6. Ti C90 jẹ́ bíi 12, ìpẹtà rẹ̀ bíi 4. Ti C120 kò ju bíi 9 lọ, ìpẹtà rẹ̀ bíi 3. Kò sí àdììtú níbẹ̀. Ilé kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń gbé, ìwọ̀n ike yẹn kì í yí padà. Sẹ̀ǹtímítà 4.76 ni téèpù fi ń sáré kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, C60 nílò téèpù tó gùn tó nǹkan bíi mítà 86, C120 sì nílò bíi mítà 171. Kí mítà 171 tó lè wọ inú ike tí mítà 86 ń gbé, àfi kó fẹ́lẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo òde ìnáwó wọ inú kásẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo, C120 ló máa ń rà, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé wákàtí tó jèrè, lára ìpẹtà ni wọ́n ti yọ ọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá ní ẹ̀ka wa rèé. Ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó jẹ́ agbègbè ibi tí ohùn obìnrin máa ń wà, yóò pín sẹ̀ǹtímítà 4.76 yẹn sí ọ̀nà 200. Ìgbì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lórí téèpù yóò gùn tó 238 máíkírómítà. Ìró tó ń gbọ̀n ní ìgbà 8,000 yóò ní ìgbì tí kò ju 6 máíkírómítà lọ. Ìgbì tó gùn máa ń lo gbogbo jíjìn ìpẹtà, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìgbì kúkúrú kì í kúrò lójú téèpù. Ìṣirò tí àwọn ẹlẹ́rọ ń lò sọ pé bí a bá pín ohun tí hẹ́ẹ̀dì téèpù ń gbọ́ nínú ìró kan sí ọ̀nà mẹ́rin, mẹ́ta nínú rẹ̀ ń wá láti ìpele òkè tí jíjìn rẹ̀ jẹ́ bíi 22 nínú 100 gígùn ìgbì náà. Fún ìró 8,000, èyí jẹ́ máíkírómítà 1.3 péré. Fún ìró 200, ó ju 50 lọ, gbogbo ìpẹtà C60 kò sì tó ìdá kan nínú mẹ́jọ ìyẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe fònẹ́tíìkì ti rí ibi tí mò ń lọ. Ohùn, ìyẹn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ tí Yorùbá fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, inú ìgbì gígùn ló wà. Àwọn afúnnupè wa, inú ìgbì kúkúrú ni wọ́n wà. Ariwo /s/ máa ń lágbára jù láàárín 5,000 sí 8,000, nígbà mìíràn ó ń ga jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti /ṣ/ rẹlẹ̀ díẹ̀, ní agbègbè 3,000. Ti /f/ fọ́n káàkiri, kò sì lágbára rárá. Lórí téèpù, ohùn dà bí gbòǹgbò, /s/ dà bí ewé orí omi.

Kí wá ni ń ba téèpù jẹ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé òòfà inú rẹ̀ ló ń kú díẹ̀díẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òòfà irú ìpẹtà yìí kì í tètè kú. Ooru gbọ́dọ̀ ju 500 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí ó tó parẹ́, ike kásẹ́ẹ̀tì yóò sì ti yọ́ tipẹ́ kí ó tó dé ibẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé téèpù kì í fara kan hẹ́ẹ̀dì dáadáa mọ́. Eruku bà lé e, èbu hù sí i, gọ́ọ̀mù tó di ìpẹtà mú fa ọ̀rinrin, ó sì ń ṣí. Nígbà mìíràn, fóòmù kékeré tó ń ti téèpù mọ́ hẹ́ẹ̀dì látẹ̀yìn ló já bọ́. Ní 1951, R. L. Wallace ti Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà gbé ìṣirò kan jáde tó sọ iye tí ìró máa ń pàdánù bí àlàfo bá wà láàárín téèpù àti hẹ́ẹ̀dì. Mo fi ìṣirò rẹ̀ wo àlàfo máíkírómítà 3, èyí tí eruku tí ojú kò lè rí tó láti fà. Nínú 100 agbára ìró 200, 92 ṣì kù. Nínú 100 ìró 2,000, 45 ló kù. Nínú 100 ìró 3,000, 30 ló kù. Nínú 100 ìró 5,000, 14 ló kù. Nínú 100 ìró 8,000, 4 péré.

Ẹ ka àwọn nọ́ńbà yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i pẹ̀lú etí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ẹni tó bá gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ yóò sọ pé ohùn bàbá ṣì dún ketekete. Òótọ́ ló sọ, nítorí ohùn gan-an ló kù. Orin tó wà nínú ọ̀rọ̀ kò lọ, etí wa á sì fi ìyókù kún un. Èyí ló jẹ́ kí kásẹ́ẹ̀tì lè tàn wá ju ìwé tí ikán jẹ lọ. Ìwé tí ikán jẹ máa ń fi ihò rẹ̀ hàn.

Mo ti rí i ní Ìbefun, ìlú bàbá mi, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odògbólú. Páálí bàtà kan wà nílé tí kásẹ́ẹ̀tì 11 wà nínú rẹ̀, iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi ló sì mú mi ṣí i. Ìyá bàbá mi àgbà, tó ti kú kí wọ́n tó bí mi, ń ṣàlàyé nínú ọ̀kan nínú wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀gẹ́ láyé ọjọ́un. Ó dé ibì kan, ó sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Ohùn òkè ni, fáwẹ̀lì /a/ ni, kò sí iyèméjì níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé wọ́n sá a ni, wọ́n ṣá a ni, tàbí wọ́n fá a? Oòrùn ni, àdá ni, tàbí ọ̀bẹ? Mo tún un gbọ́ títí, ohun tó wà níwájú fáwẹ̀lì yẹn kò ju èémí lásán lọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó mọ iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ ló bá mi yanjú rẹ̀. Téèpù kọ́.

Ẹ̀gẹ́ ṣì kéré. Ẹ jẹ́ ká wo gh. Gbogbo wa la kọ́ ọ pé Ìjẹ̀bú wà lára ẹ̀ka-èdè gúúsù-ìlà-oòrùn, tó di afúnnupè àfàfàsépè akùnyùn mú ní ọ̀pọ̀ ibi tí Yorùbá àjùmọ̀lò ti ń lo /w/, bíi nínú owó. Ìró yẹn jẹ́ ọ̀kan lára ohun tí a fi ń tọpasẹ̀ bí èdè wa ṣe pínyà. Afúnnupè tí kò lágbára ni. Àlàfo kékeré yẹn lè gba ju ìdajì ariwo rẹ̀ lọ, kí ó sì ku ohun tó jọ /w/ tàbí kó má ku nǹkan kan. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá fi irú téèpù bẹ́ẹ̀ ṣe àdàkọ, ó lè kọ ọ́ pé gh ti ń kú lẹ́nu àwọn àgbà Ìbefun láti ìgbà kásẹ́ẹ̀tì. Ó lè ya tábìlì, ó lè kà á ní ìdá nínú ọgọ́rùn-ún, ẹlòmíràn á sì wá tọ́ka sí i lọ́dún tó ń bọ̀. Nípa téèpù ló kọ̀wé, kì í ṣe nípa èdè.

Ẹnì kan lè béèrè pé, bí ìpẹtà tó nípọn bá dáa, tí eruku sì jẹ́ ọ̀tá, ṣé téèpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó mọ́ tónítóní kò burú? Ó burú lọ́nà tirẹ̀. Ìró ìgbì gígùn ń lo gbogbo jíjìn ìpẹtà, nítorí náà ìpẹtà 3 lè gba bíi ìdajì ohun tí ìpẹtà 6 lè gbà nínú wọn. Ohùn á rẹlẹ̀ sí ariwo ṣìì tó wà nísàlẹ̀ gbogbo téèpù. Bákan náà, ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ máa ń jẹ́ kí ìpele téèpù tó yí ara wọn ká súnmọ́ra jù. Òòfà ìpele kan á tẹ àwòrán ara rẹ̀ sí ìpele kejì, pàápàá nínú yàrá tó gbóná. Bí ẹ bá ti gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì kan rí tí ọ̀rọ̀ ń dún fírífírí kí ẹni tó ni í tó sọ ọ́, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Nínú C120 inú páálí yẹn, ìyá náà ń ṣáájú ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Irú téèpù yìí náà ni rẹ́kọ́dà máa ń tètè jẹ.

Ọ̀rọ̀ ìnípọn yìí kò parí sórí kásẹ́ẹ̀tì. Lónìí, àwọn onímọ̀ físíìsì ń ṣe fíìmù ọ́ksáìdì tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ nànómítà díẹ̀, ìyẹn ìdá ẹgbẹ̀rún máíkírómítà. Níbẹ̀, òòfà fúnra rẹ̀ ló ń rẹ̀wẹ̀sì bí fíìmù ṣe ń fẹ́lẹ́ sí i. Igi kan kò lè dágbó ṣe: átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ń di ìdojúkọ rẹ̀ mú nítorí pé àwọn aládùúgbò rẹ̀ dojú kọ ibì kan náà. Èyí tó wà lójú òkè tàbí ní ìsàlẹ̀ pátápátá kò ní aládùúgbò tó pé. Bí gbogbo fíìmù kò bá ju ìpele díẹ̀ lọ, púpọ̀ nínú rẹ̀ ti di ará ẹnu ààlà, ooru díẹ̀ á sì dà wọ́n rú. Téèpù wa nípọn ju ìyẹn lọ púpọ̀púpọ̀, òòfà rẹ̀ kò sí nínú ewu. Ewu tiwa ni pé ohun tó fẹ́lẹ́ kò ní àyè púpọ̀ láti pàdánù.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọ́n á ní iṣẹ́ ilé-ìkàwé nìyí, kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì Ìbefun kò sí ní ilé-ìkàwé kankan. Abẹ́ ibùsùn ló wà, àwa ọmọ ilé nìkan ni wọ́n sì lè gbé e fún. Wọ́n á ní ohun ìnáwó lásán ni, kì í ṣe ìwádìí. Níbo la tún ti fẹ́ rí ẹ̀ka-èdè tí ẹnì kankan kò ṣe àṣehàn rẹ̀ fún olùwádìí, bí kò ṣe níbi tí ìyá ti ń bá ọmọ wí nígbà tí rẹ́kọ́dà ń yí? Wọ́n á ní ó ṣì kù díẹ̀. Ibi ìpamọ́ fíìmù àti ohùn ti orílẹ̀-èdè Ọsirélíà ti kéde láti 2015 pé 2025 ni gbèdéke fún ohun tó wà lórí téèpù, UNESCO náà sì kìlọ̀ fún gbogbo ayé. Ìdí tí wọ́n fi yan ọdún yẹn ni pé àwọn ẹ̀rọ tó ń ka téèpù àti àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ń tán lọ. Gbèdéke náà ti kọjá lórí wa.

Òfin tí mo dábàá kò le. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tó bá lo kásẹ́ẹ̀tì gbọ́dọ̀ sọ bóyá C60, C90 tàbí C120 ni, ipò tó wà, àti irú ẹ̀rọ tí wọ́n fi gbọ́ ọ. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi kásẹ́ẹ̀tì nìkan jẹ́rìí lórí /s/, /ṣ/, /f/ tàbí gh, àfi kí ó rí ẹni tó ń sọ ẹ̀ka-èdè náà láti fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Lórí ohùn àti fáwẹ̀lì, a lè fọkàn tán kásẹ́ẹ̀tì jù bẹ́ẹ̀ lọ, bí ìyára ẹ̀rọ bá ti tọ́.

Gbígbà á sórí kọ̀ǹpútà náà kò nílò owó ńlá. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹbí ná, nítorí ọ̀rọ̀ ilé wà nínú kásẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣẹ́ etí ike méjèèjì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà ṣèèṣì gba nǹkan mìíràn lé e. Bí èbu bá ti hù sí i, ẹ má fi sínú ẹ̀rọ, ẹ wá onímọ̀. Ẹ wo fóòmù ẹ̀yìn téèpù. Bó bá ti já, ẹ gbé téèpù náà sínú ike mìíràn tí fóòmù rẹ̀ dáa, ó lè jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló gba /s/ lọ. Ẹ fi òwú àti ọtí ìfọṣẹ́ nu hẹ́ẹ̀dì. Ẹ yí téèpù dé òpin, kí ẹ sì yí i padà kí ẹ tó gbọ́ ọ. Okùn ni kí ẹ fi so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ má gbé fóònù síwájú ẹ̀rọ, ẹ má sì fi WhatsApp ránṣẹ́ sí ẹ̀ka, torí ìyẹn á tún gé ìyókù ìró òkè dànù. WAV ni kí ẹ fi pa á mọ́, ní 48,000 àti bíìtì 24. C120 ni kí ẹ fi ṣáájú, lẹ́yìn rẹ̀ C90.

Ẹ̀yin àgbà wa tẹ́ ẹ ti jáde, ẹ̀yin lẹ ni ìgbà kásẹ́ẹ̀tì jù wá lọ. Rẹ́kọ́dà tó ṣì dáa lọ́wọ́ ẹnì kan nínú yín lè ṣe ẹ̀ka wa láǹfààní ju àmì ẹ̀yẹ lọ. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ló bí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, ọmọ Odòpótù, tí ìwé gírámà rẹ̀ ti 1966 ṣì wà lọ́wọ́ wa. Kò yẹ kó jẹ́ pé ìran tiwa ni yóò jẹ́ kí afúnnupè ilẹ̀ yẹn parẹ́ sínú eruku, kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ìyá wa ló jù ú nù.